Devumi, Alárobọ̀ Ọmọlẹ́yìn: Bí Ọjà Náà Ṣe Rìn àti Àwọn Tó Jẹ Gbèsè Rẹ̀

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2018, ìwé ìròyìn New York Times gbé ìròyìn gígùn kan jáde nípa ilé-iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Devumi ni wọ́n ń pè é. Ọmọlẹ́yìn ló ń tà: ti Twitter ló pọ̀ jù, àmọ́ ó tún ń ta òǹwòran YouTube, ọmọlẹ́yìn LinkedIn àti láìkì lóríṣiríṣi. Ẹni tó bá fẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ orúkọ òun ga, owó ló máa san, kò sì ní pẹ́ tí nọ́ńbà náà á fi máa gòkè.

Mo mú ọ̀rọ̀ Devumi wá nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí irú òwò yìí tú síta látòkèdélẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a sábà máa ń rí ni ìpolówó lórí status WhatsApp: "Followers wà o, wọn ò ní já, ẹ DM mi." Ẹni tó fẹ́ rà á rà á, ẹni tó tà á gba owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. A kì í mọ ibi tí ọjà náà ti wá, a kì í sì í bá a dé ibi tó ń parí sí. Ti Devumi yàtọ̀. Iye tí wọ́n ń rà á hàn síta, iye tí wọ́n ń tà á hàn síta, orúkọ àwọn oníbàárà hàn síta, wọ́n rí àwọn tí wọ́n jí fọ́tò wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ dá sí i, ti àpapọ̀ náà sì dá sí i.

Ẹni tó ni Devumi ni German Calas, ọ̀dọ́kùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Florida. Lójú ìkànnì wọn, New York ni wọ́n sọ pé àwọn wà. Àwọn akọ̀ròyìn tọ ipasẹ̀ wọn, wọ́n sì rí i pé West Palm Beach ní Florida ni ọ́fíìsì wọn wà gan-an, nínú yàrá kékeré kan lókè ilé oúnjẹ àwọn ará Mexico, tí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kún fún garawa ìdọ̀tí ńláńlá. Nínú ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ tó gbé sórí ayélujára, Calas sọ pé òun gboyè físíìsì ní yunifásítì Princeton lọ́dún 2000. Ọmọ nǹkan bí ọdún 10 ló máa jẹ́ lọ́dún yẹn. Ó ní òun tún gboyè ọ̀mọ̀wé ní MIT. Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì sọ pé kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn. Ayédèrú ọ̀hún kò mọ sórí ọjà nìkan.

Àmọ́ ẹ má fojú kékeré wo òwò náà. Oníbàárà Devumi lé ní 200,000. Ọmọlẹ́yìn Twitter tí wọ́n ti kó fún wọn lé ní 200 mílíọ̀nù. Báwo ni ilé-iṣẹ́ kan ṣe máa rí 200 mílíọ̀nù ènìyàn kó jọ? Kò rí wọn. Àkáùntì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, bọ́ọ̀tì sì ni wọ́n, ìyẹn àkáùntì tí ẹ̀rọ ń darí, tí kò sí ènìyàn kankan nídìí rẹ̀. Ẹyọ kan náà ni wọ́n ń tà fún ẹni yìí, tí wọ́n ń tà fún ẹni yẹn. Tí ẹ bá fi nọ́ńbà méjèèjì pín ara wọn, ẹ máa rí i pé bọ́ọ̀tì kan ti ṣe ọmọlẹ́yìn fún nǹkan bí ènìyàn 57 tí kò mọ ara wọn rí. Òṣèré fíìmù, agbẹjọ́rò, eléré ìdárayá, olówó ìdókòòwò: ẹbọra kan náà ló ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn.

Devumi kọ́ ló ń ṣe bọ́ọ̀tì wọ̀nyí fúnra rẹ̀. Alárobọ̀ ni. Àwọn ọjà kan wà lórí ayélujára, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní panel, níbi tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀tì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Peakerr wà lára àwọn tí New York Times dárúkọ. Níbẹ̀, owó tó lé díẹ̀ ní dọ́là kan ni wọ́n ń ta 1,000 bọ́ọ̀tì tó ní fọ́tò, tó sì ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Devumi wá ń ta 1,000 yẹn náà ní dọ́là 17. Ẹni tó bá ti jókòó ti alárobọ̀ rí ní Bódìjà tàbí Mile 12 mọ̀ pé kò sí tòmátò tí wọ́n lè jẹ èrè bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, àwọn akọ̀ròyìn náà dá àkáùntì kan sílẹ̀ láti fi dán Devumi wò. Wọ́n san dọ́là 225, wọ́n sì ra ọmọlẹ́yìn 25,000. Nǹkan bí 10,000 tó kọ́kọ́ dé jọ ènìyàn gidi. Wọ́n ní fọ́tò, wọ́n ní orúkọ àti orúkọ ìdílé, wọ́n sọ ìlú tí wọ́n ń gbé. Nínú 15,000 tó kù, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ni: kò sí fọ́tò, orúkọ rí wúruwùru, lẹ́tà àti nọ́ńbà kàn dà pọ̀. Bí ọ̀pọ̀ alárobọ̀ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ṣe ń ṣe nìyẹn, èyí tó dára ni wọ́n máa ń tò sójú.

Kí ló dé tí ẹni tó ní làákàyè á fi ra ọmọlẹ́yìn tí kò lè ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀? Owó ni. Àwọn tó ń gbé ìpolówó síta máa ń wo nọ́ńbà kí wọ́n tó wo ẹni tó ni ín. Ìṣirò Captiv8, ilé-iṣẹ́ tó ń so àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára pọ̀ mọ́ àwọn olùpolówó, tí New York Times tọ́ka sí nígbà náà ni pé ẹni tó ní ọmọlẹ́yìn 100,000 lè gba nǹkan bíi 2,000 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ ìpolówó kan ṣoṣo, ẹni tó ní mílíọ̀nù kan sì lè gba 20,000. Ẹ fi wé dọ́là 225. Mi ò lè pe gbogbo àwọn tó rà á ní òmùgọ̀. Wọ́n ṣírò owó náà dáadáa. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá. Ojú ló ń tì wọ́n. Ẹni tí wọ́n mọ̀ nílùú, tó débi tí wọ́n ti ń dìde fún un, tó wá jẹ́ pé ọmọlẹ́yìn 312 ló ní lórí Twitter nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ ní 9,000, ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbà á. Ojú ayé ti mú ọ̀pọ̀ ṣe ohun tó burú ju èyí lọ.

Ohun tó bí mi nínú jù nínú ìròyìn náà ni ibi tí àwọn fọ́tò yẹn ti wá. Nínú àwọn bọ́ọ̀tì Devumi, ó kéré tán 55,000 ló ń lo orúkọ, fọ́tò àti ìlú ènìyàn gidi tó wà láyé, tó ń lo Twitter tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé 18 wà lára wọn. Wọ́n á mú àkáùntì ọmọ kan, wọ́n á da ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ kọ, wọ́n á yí lẹ́tà kan péré padà nínú orúkọ rẹ̀. Ojú tó ń kánjú kò lè rí i.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Minnesota tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n da àkáùntì rẹ̀ kọ. Ẹ̀dà rẹ̀ ń lo fọ́tò tó ti ń rẹ́rìn-ín àti gbólóhùn tó kọ nípa ara rẹ̀, ó sì ń polówó ilẹ̀ ní Kánádà, owó kírípítò, àti ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Ghana. Ó tún ń pín àwọn àkáùntì oníhòhò kiri. Ẹ ro ti ìyá ọmọ náà tí ẹnì kan bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn án lórí fóònù pé, "Ẹ gbà, ẹ wo ohun tí ọmọ yín ń ṣe lórí Twitter."

Àwọn tó ń ra ọmọlẹ́yìn fẹ́ràn láti sọ pé, "Ta ni mo pa lára? Owó mi ni mo ná." Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Ojú tó wà lára ọmọlẹ́yìn tí o rà lè jẹ́ ojú ọmọ ọlọ́mọ, o sì ti san owó fún ẹni tó jí i. Nígbà tí wọ́n bi Calas léèrè ṣáájú kí ìròyìn náà tó jáde, ó ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ilé-iṣẹ́ òun, òun kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó rà á? Ìwé òwò ilé-iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn rí àkọsílẹ̀ ohun tí oníbàárà rà àti iye tó san. Àmọ́ ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé kò gba ìwé òwò ẹnikẹ́ni. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìṣirò díẹ̀ lè ṣe é láti ilé rẹ̀.

Twitter ń to ọmọlẹ́yìn bí wọ́n ṣe dé. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀lé ọ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó tẹ̀lé ọ lónìí wà lókè. Àkáùntì kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ilà kan lọ sí ọ̀tún, kí ó dúró fún bí ọmọlẹ́yìn ṣe ń dé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Ẹ fa òmíràn lọ sókè fún ọjọ́ tí wọ́n dá àkáùntì wọn sílẹ̀. Kí ẹ wá máa fi tó-tó-tó sí i. Ẹni tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ènìyàn gidi, tó-tó náà á fọ́n káàkiri. Ẹni tó ti wà lórí Twitter láti 2009 á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù lánàá, torí pé èrò ọjà kì í bá ọjọ́ orí wá. Àmọ́ tí ẹnì kan bá ra 20,000 lẹ́ẹ̀kan, ibì kan á dé nínú àwòrán náà tí tó-tó á dì pọ̀, tàbí kó tò gbọọrọ lórí ilà kan: ẹgbẹẹgbẹ̀rún àkáùntì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní sáà kan náà, tí gbogbo wọn jọ pinnu láti tẹ̀lé ẹnì kan ṣoṣo, lẹ́sẹẹsẹ, láìsí àjèjì láàárín wọn. Ẹni tó bá sì rà á lẹ́ẹ̀mẹta, ibi mẹ́ta ló máa hàn.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó sọ pé ewu tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí àwọn ọmọlẹ́yìn náà já. Kí wọ́n já gan-an ló sàn jù. Tí wọ́n bá dúró, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Wọ́n wà nínú àkójọ tìrẹ, lójú gbogbo ayé, wọ́n sì tò bí wọ́n ṣe dé ní ọjọ́ tí o san owó. O lè jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí, kí o di ẹni ọ̀wọ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí ẹnì kan tó ń bá ọ du ipò jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan kó ya àwòrán yẹn.

Ọwọ́ pálábá àwọn kan sì ségi lóòótọ́. Richard Roeper, òǹkọ̀wé tó ń ṣe àyẹ̀wò fíìmù ní ìwé ìròyìn Chicago Sun-Times, wà lára àwọn tí orúkọ wọn jáde. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ìròyìn náà jáde tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi ní kò ní sí ìwé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wọn mọ́ títí àwọn á fi wádìí. Wọ́n rí i pé ó ti ra ọmọlẹ́yìn tó lé ní 25,000. Wọn kò lé e lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní kó pa àkáùntì Twitter rẹ̀ tì, kó lọ dá tuntun sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi ń kọ̀wé, ó ní àwọn òǹkàwé gidi tó pọ̀ gan-an, wọ́n ń tẹ̀lé e nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ayédèrú ló rà, àwọn gidi ló bá a lọ.

Martha Lane Fox, tó wà nínú ìgbìmọ̀ olùdarí Twitter fúnra rẹ̀ nígbà náà, sọ pé òṣìṣẹ́ òun kan ló ra ọmọlẹ́yìn sórí àkáùntì òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ kì í fọwọ́ ara wọn tẹ nǹkan kan lórí àkáùntì wọn, ọmọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni, ọmọ náà sì mọ̀ pé nọ́ńbà ni ọ̀gá máa bi òun léèrè ní ìparí oṣù. Ẹni tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀, kó má kàn béèrè iye ọmọlẹ́yìn. Kó béèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìròyìn náà, àwọn gbajúmọ̀ mélòó kan pàdánù ọmọlẹ́yìn tó lé ní mílíọ̀nù kan lápapọ̀. Ẹlòmíràn ti ojú ìwé rẹ̀ pa kí ènìyàn má baà wò ó. Ẹlòmíràn pa àkáùntì rẹ̀ rẹ́. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún yẹn, Twitter yọ gbogbo àkáùntì tó ti tì pa kúrò nínú iye ọmọlẹ́yìn ènìyàn, àkáùntì Twitter fúnra rẹ̀ sì pàdánù ọmọlẹ́yìn tó lé ní mílíọ̀nù méje.

Níbí, ó yẹ kí n sọ ohun kan kí a má baà fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ já lójijì ló rà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, nígbà tí Instagram gbálẹ̀, Justin Bieber pàdánù mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, àkáùntì Instagram fúnra rẹ̀ sì pàdánù nǹkan bí mílíọ̀nù 19. Bọ́ọ̀tì máa ń tẹ̀lé àwọn ẹni ńlá láìgba kọ́bọ̀, kí òun náà lè jọ ènìyàn. Èyí tó tún léwu ni pé ẹnì kan lè ra ọmọlẹ́yìn sórí àkáùntì ọ̀tá rẹ̀. Orúkọ àkáùntì nìkan ni òǹtajà ń béèrè, kò béèrè ta lo jẹ́ sí i. Nítorí èyí ni Twitter fi sọ pé àwọn kì í sábà lé ẹni tí àwọn fura sí pé ó rà á, nítorí pé ó ṣòro láti mọ ẹni tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn gbajúmọ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀ díẹ̀, torí pé àwọn tó ń ra ọmọlẹ́yìn jù lọ́dọ̀ wa kì í ṣe gbajúmọ̀. Oníṣòwò ni wọ́n. Ká ní ìyá kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Ọmọlẹ́yìn 900 ló ní lórí Instagram. Tó bá gbé aṣọ tuntun síta, àwọn bí 90 á fi láìkì sí i, àwọn mẹ́ta mẹ́rin á béèrè pé, "Mà, èló ni ọ̀pá márùn-ún?" Ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń dá a lóhùn, kò sì sí iléeṣẹ́ ńlá tí irú rẹ̀ kò ní wù. Ọmọ rẹ̀ wá dé láti iléèwé, ó ní, "Màámi, page yín kéré jù, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe." Ó ra 15,000. Iye di 15,900. Lọ́jọ́ kejì, ìyá gbé aṣọ síta, àwọn 90 àná yẹn náà ló tún dá a lóhùn. Nínú 15,900, 90 kò tó ẹnì kan nínú 100.

Kì í ṣe pé nọ́ńbà yẹn burú lójú lásán. Instagram kì í fi ohun tí a gbé síta han gbogbo ọmọlẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yan ẹni tó máa rí i, ó sì ń wo ohun tí àwọn tó rí i ṣe: ṣé wọ́n dúró wò ó, ṣé wọ́n kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, ṣé wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Bọ́ọ̀tì kì í ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohun tí ìyá àdìrẹ wá kó lé ara rẹ̀ lórí ni ìpéjọpọ̀ tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ òkú, ó sì ń retí kí òkú jẹ́rìí fún òun. Tó bá tún wá fẹ́ sanwó ìpolówó, tó ní kí Instagram bá òun wá irú àwọn tó ń tẹ̀lé òun tẹ́lẹ̀, irú wọn náà ni wọ́n á bá a wá lóòótọ́.

Ti oníbàárà tún wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ti gbọ́n. Wọ́n ti jẹ ìyà gbájúẹ̀ orí ayélujára tó, ẹni tó sanwó bàtà tí wọ́n fi pákó ránṣẹ́ sí i kì í tètè gbàgbé. Ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fowó ránṣẹ́ ni ohun tí ènìyàn kọ sábẹ́ fọ́tò. Tí wọ́n bá rí 15,900 lókè, tí wọ́n wá rí ènìyàn méjì péré nísàlẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àbúrò ẹni tó ni ọjà, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé olè oníjìbìtì kan ló wà nídìí rẹ̀. Ìyá tó ń ta àdìrẹ tòótọ́, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ láró, wá ń jọ gbájúẹ̀. Nígbà tó ní 900, kò jọ ọ́.

Àwọn ọ̀nà àbùjá mìíràn náà wà, n kò ní pẹ́ lórí wọn. "Tẹ̀lé mi kí n tẹ̀lé ọ" kì í ṣe ìwà ọ̀daràn, àmọ́ àwọn tó ń wá ọmọlẹ́yìn bíi tìrẹ ló ń kó jọ, kò sí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan láàárín wọn. Èyí tó burú ni àwọn áàpù tó ní kí o fún àwọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ, kí àwọn lè máa bá ọ tẹ̀lé ènìyàn, kí àwọn máa bá ọ fi láìkì káàkiri. Lẹ́yìn tí o ti fún wọn, àkáùntì tìrẹ gan-an ló di bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà fún ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n kan lè jí ní òwúrọ̀ kó bá a pé òun ti ń tẹ̀lé ẹni tí kò mọ̀ rí ní Indonesia.

Ìjọba kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Devumi tutù. Ọjọ́ tí ìròyìn náà jáde ni Eric Schneiderman, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York nígbà náà, kéde pé òun máa wádìí wọn. Òwò Devumi wó lulẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn wọn lọ́dún yẹn. Ní oṣù Kínní ọdún 2019, Letitia James tó ti dé ipò náà nígbà yẹn kéde àdéhùn tí wọ́n bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí agbófinró máa fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé títa ayédèrú ọmọlẹ́yìn àti ayédèrú láìkì lòdì sófin, pé ẹ̀tàn ni. Owó tó wọlé fún Devumi láàárín 2015 sí 2017 tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ó kan FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí káràkátà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà. Àwọn náà sọ pé irú ẹjọ́ yìí kò dé ọ̀dọ̀ àwọn rí. Ìgbà tó lé ní 58,000 ni Devumi ta ayédèrú ọmọlẹ́yìn Twitter, ìgbà tó lé ní 32,000 ló ta ayédèrú òǹwòran YouTube, ìgbà tó lé ní 800 ló ta ti LinkedIn. Àwọn tó ra ti LinkedIn kì í ṣe ọmọdé tó ń ṣeré: àwọn ilé-iṣẹ́ ìpolówó wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ìdókòòwò owó wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí Calas san mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là, àmọ́ tó bá ti san 250,000, wọ́n á fi ìyókù jì í. Tí ẹ bá bi mí, owó yẹn kéré. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n ló gbà nídìí òwò náà ni. Àwọn olè orí ilẹ̀ lásán kì í rí irú ìdàjọ́ tó rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ẹjọ́ 2019 ni pé òǹtajà nìkan ni wọ́n mú, wọn ò fọwọ́ kan òǹrajà. Wọ́n ti yí ìyẹn padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, FTC gbé òfin tuntun jáde tó de ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń rà á. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún márùn-ún gééré lẹ́yìn ẹjọ́ Devumi. N kò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ra ọmọlẹ́yìn tó mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé ayédèrú ni, tó sì fi ń gbé ara rẹ̀ ga nítorí òwò, òfin náà mú un. Lọ́dún 2024 tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, owó ìtanràn lè tó 51,744 dọ́là lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo. Kí ọmọ wa tó ń ta aṣọ òkè àti gèlè ní Houston tàbí Maryland mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kàn án. "Ọmọ tó ń bá mi ṣe page ló rà á láti Ìkẹjà" kò jọ ohun tó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹni tó ti rà á, tó wá fẹ́ kó kúrò ńkọ́? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà láti rà á. Instagram gbà kí o yọ ọmọlẹ́yìn kúrò, Twitter, tó ń jẹ́ X báyìí, náà ti gbà á láti 2021, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wàá máa tẹ̀ ẹ́: orúkọ kan, kí o yọ ọ́, kí o lọ sí èkejì. Ẹni tó bá ra 15,000 lè ṣe é tó 15,000 ìgbà, ó sì gbọ́dọ̀ máa fojú sọ́nà kó má baà yọ oníbàárà gidi mọ́ wọn. Ẹ má ṣe wá áàpù tó ń sọ pé òun á bá yín yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó lè jẹ́ àwọn tó tà á fún yín lánàá ló tún wà nídìí rẹ̀. Fún ìyá àdìrẹ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, tí mo bá wà ní ipò rẹ̀, màá dá page tuntun sílẹ̀, màá fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn 90 yẹn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan pé ibí ni mo kó lọ. Àwọn tó ń béèrè iye ọ̀pá márùn-ún á wá.

Àṣẹ tí FTC gbà dárúkọ Devumi àti Calas nìkan. Àwọn ọjà tí wọ́n ti ń ra 1,000 bọ́ọ̀tì ní dọ́là kan kò sí nínú ẹjọ́ náà.